Etí Kò Mọ Iye Owó

Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn tí ó fẹ́ràn láti máa gbọ́ orin, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́, tí kò sì jọ pé yóò tán láìpẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kékeré kan ni, ẹ̀rọ tí ń sọ nọ́ńbà di ohùn. DAC ni àwọn tí ń tà á ń pè é. Orúkọ yìí ni èmi náà yóò máa lò, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn jù. Apá kan sọ pé DAC olówó ńlá a máa mú kí orin dùn létí ẹni tí ó lo hẹ́dífóònù, débi pé yóò dà bí ẹni pé akọrin jókòó níwájú rẹ̀. Apá kejì sọ pé àsọdùn ni, pé èyí tí kò wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Èmi pẹ̀lú ti wà ní apá kìíní rí. Mo ti kúrò níbẹ̀, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé yìí, nítorí mo mọ̀ pé hẹ́dífóònù kì í kúrò létí ọ̀pọ̀ nínú yín.

Bí a bá fi ọ̀pá lu dùndún, awọ rẹ̀ a gbọ̀n, afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká a sì gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbì afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń wọ inú etí wa tí a fi ń sọ pé a gbọ́ ohùn. Ní ayé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ńṣe ni a ń fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ àwòrán ìgbì náà sí ara àwo. Láti ọdún 1982 tí ilé-iṣẹ́ Philips àti Sony ti gbé síìdì jáde, ọ̀nà mìíràn ni ó gbilẹ̀: a ń wọn gíga ìgbì náà ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, a sì ń kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní nọ́ńbà. Ipele 65,536 ni ó wà tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lè bọ́ sí. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé ohun tí ó wà láàárín ìwọ̀n kan àti èkejì ti sọnù gbé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Claude Shannon, ọmọ Amẹ́ríkà, fi ìṣirò hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1949 pé bí iye ìgbà tí a ń wọn ìgbì bá ti ju ìlọ́po méjì iye ìgbà tí ìgbì náà ń gbọ̀n lọ, a lè dá gbogbo rẹ̀ padà láìku nǹkan kan. Etí ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ran jù lọ kì í sábà gbọ́ ohùn tí ó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún kò dé ibẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí ìgbà 44,100 fi tó.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í ṣe ohùn. Kò sí ẹni tí ó lè fi etí gbọ́ 31,406. Ẹ̀rọ kan ní láti ka àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ wọ́n di agbára iná mànàmáná tí ń lọ sókè tí ń lọ sódò gẹ́gẹ́ bí ìgbì àkọ́kọ́. Iná yìí ni yóò mi hẹ́dífóònù. Iṣẹ́ DAC nìyẹn. Ó wà nínú gbogbo fóònù tí ń dún, ó wà nínú kọ̀ǹpútà, ó sì wà nínú tẹlifíṣọ̀n ilé yín, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ rí.

Ẹ wá wo iye owó rẹ̀. Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ Chord ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé DAC kan tí ń jẹ́ DAVE jáde, iye rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000 pọ́n-ùn. Ní ọdún kejì rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Apple yọ ihò hẹ́dífóònù kúrò lára fóònù tirẹ̀, ó sì ń ta okùn kúkúrú kan ní dọ́là 9 fún ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ lo hẹ́dífóònù àtijọ́ rẹ̀. DAC wà nínú ẹnu okùn náà, kò sì tóbi tó èékánná ọmọdé. Owó ẹ̀rọ ti Chord lé ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún owó okùn yìí. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé kí ni etí ń rí gbà nínú ìlọ́po ẹgbẹ̀rún náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbájú-ẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá. Ọgbọ́n ńlá ń bẹ nínú iṣẹ́ wọn. Àwọn kan ń lo ọ̀nà àkàbà, tí ó jẹ́ ọ̀nà àtijọ́: wọn a to àwọn ẹ̀yà kéékèèké tẹ̀lé ara wọn, tí agbára iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú wá jẹ́ ìdajì ti èyí tí ó wà lókè rẹ̀, nọ́ńbà tí ó bá sì dé ni yóò sọ ìgbésẹ̀ tí a óò tàn àti èyí tí a óò pa. Ó rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Bí a bá fẹ́ kí ipele rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, àṣìṣe ìgbésẹ̀ òkè pátápátá kò gbọdọ̀ tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan. Yggdrasil tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà yìí. Ẹ̀yà tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ ìwọ̀n àti fún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni wọ́n fi sínú rẹ̀, 2,299 dọ́là sì ni wọ́n ń tà á nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Àwọn mìíràn, tí wọ́n pọ̀ jù lónìí, kò lo àkàbà gígùn. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ ni ẹ̀rọ tiwọn ní, ṣùgbọ́n ó ń tàn wọ́n ó sì ń pa wọ́n ní ìgbà mílíọ̀nù mélòó kan ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ó dà bí ẹni tí ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi tí ó sì ń tì í kíákíá: bí àkókò tí ó fi ṣí i bá ju èyí tí ó fi tì í lọ, omi inú garawa yóò ga sí i. Ariwo tí èyí ń dá sílẹ̀, wọ́n ti tì í lọ sí òkè, níbi tí etí ènìyàn kò dé. Ní ti DAVE, Rob Watts tí ó ṣe é fún Chord kò ra ẹ̀yà tí ẹlòmíràn ti parí. Ẹ̀yà òfìfo ni ó mú, ó sì kọ ètò ìṣirò tirẹ̀ sínú rẹ̀, ìṣirò tí iye òǹkà tí ó ń lò lé ní 160,000.

Mo júbà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn aláṣelékè wọ̀nyí ń lé kiri ti kéré ju ohun tí etí lè mú lọ. Lónìí, a lè rí DAC tí kò ju 150 dọ́là lọ, tí àpapọ̀ ariwo àti àṣìṣe tí ó ń fi kún orin kò tó ìdá kan nínú 100,000 ohùn náà. Ẹni tí ó bá ń wá a kiri nínú orin dà bí ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ igbe ẹ̀fọn kan ṣoṣo ní agbo bàtá.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí ó ti la ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, iná jó ilé-iṣẹ́ Asahi Kasei tí ó wà ní Nobeoka, ní ilẹ̀ Jàpáànù, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà inú DAC fún àwọn oníṣẹ́ káàkiri ayé. Ẹ̀yà náà di ohun àwátì. Ilé-iṣẹ́ RME ní Jámánì, tí ó ń lò ó nínú DAC rẹ̀ tí ń jẹ́ ADI-2, fi ẹ̀yà ti ilé-iṣẹ́ ESS ti Amẹ́ríkà rọ́pò rẹ̀, ó sì ń bá ọjà rẹ̀ lọ lábẹ́ orúkọ kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ṣáájú iná yìí, ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ti máa ń búra pé ẹ̀yà Asahi Kasei a máa rọ̀ létí bí àrán, pé ti ESS a sì máa le. Bí ìyàtọ̀ náà bá tóbi bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ó yẹ kí àwọn oníbàárà ti ké gbàjarè, kí wọ́n sì ti dá ẹ̀rọ tuntun náà padà. A kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀.

N ó wá jẹ́wọ́ tèmi. Ọ̀rẹ́ mi kan, amòfin ní Ìbàdàn, ra DAC kan bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Ẹ̀rọ náà wúwo bí ọmọ odó, iná búlúù kan sì ń tàn níwájú rẹ̀. Ó fi hẹ́dífóònù sí mi létí. Mo gbọ́ ìlù, mo gbọ́ agogo, mo gbọ́ bí akọrin ti ń mí. Ó yí i sí ẹnu okùn kékeré tí ó wà lára fóònù rẹ̀, mo sì sọ láìjáfara pé ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí a fi aṣọ bo ẹnu akọrin. Mo fi ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà. Olùkọ́ èdè ni mí, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi obìnrin, tí ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì, ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí tábìlì. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ jẹ́ kí a dán an wò.” Ó mú mítà, ó wọn agbára iná tí ń ti ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wá, ó sì rí i pé ẹ̀rọ ńlá náà fi díẹ̀ ròkè ju ti okùn lọ. Ó dín in kù títí àwọn méjèèjì fi dọ́gba. Ó ta àdìrẹ ìyá rẹ̀ bo gbogbo rẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀yìn mi, ó ń ta owó ẹyọ sókè, ó sì ń fi í pinnu èyí tí yóò fún mi gbọ́. Ìgbà 20 ni a ṣe é. Mo ń sọ tèmi, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a parí, 11 ni mo gbà. Ẹni tí ó di etí rẹ̀ tí ó kàn ń méfò yóò rí tó 10. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ẹ̀rọ kan náà ni owó ẹyọ mú ní ẹ̀ẹ̀kẹfà àti ní ẹ̀ẹ̀keje, èmi sì ti sọ fún un láàárín méjèèjì pé mo gbọ́ bí ìgbà tí a ṣí fèrèsé. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Baba rẹ̀ ni ó rẹ́rìn-ín.

N kò purọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́. Mo gbọ́ ìyàtọ̀ náà ní tòótọ́, bí ẹni tí ó lá àlá ti rí àlá rẹ̀. Ohun méjì ni ó fà á. Èkíní ni pé bí ohùn kan bá fi díẹ̀ ròkè ju èkejì lọ, etí kì í sọ fún wa pé ó ròkè; ńṣe ni ó máa ń sọ pé ó dára jù. Èkejì ni pé mo ti rí ẹ̀rọ náà, mo ti mọ owó rẹ̀, mo sì mọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi ń retí kí n sọ. Kò sí ẹni tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tí kò bá mú ohùn dọ́gba, tí kò sì bo ojú, kò tíì fi DAC kan wé èkejì. Iye owó ni ó ń fi wé iye owó.

Ìgbà 20 kò tó láti fi dá ẹjọ́ fún gbogbo ayé, mo mọ̀. Àwọn mìíràn ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. E. Brad Meyer àti David R. Moran ní Amẹ́ríkà mú àwo orin tí nọ́ńbà rẹ̀ kún ju ti síìdì lọ. Nígbà mìíràn wọn a jẹ́ kí ohùn rẹ̀ lọ tààrà sí etí àwọn olùgbọ́. Nígbà mìíràn wọn a kọ́kọ́ sọ ohùn náà di nọ́ńbà bíi ti síìdì, wọn a tún sọ nọ́ńbà náà padà di ohùn, kí ó tó dé etí wọn. Ìgbà 554 ni wọ́n bi àwọn olùgbọ́ léèrè èwo ni èwo. Ìgbà 276 ni wọ́n gbà á, èyí tí ó fi ẹyọ kan dín sí ìdajì gan-an. Ọdún 2007 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. N kò ní fi òdìkejì rẹ̀ pamọ́ fún yín: ní ọdún 2016, Joshua Reiss ní Lọ́ńdọ̀nù kó ìdánwò 18 irú èyí pọ̀, ó sì rí i pé àwọn olùgbọ́ gba nǹkan bí 52 nínú 100, pé àwọn tí wọ́n ti kọ́ ní bí a ti ń tẹ́tí sílẹ̀ sì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ó lè jẹ́ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ fún etí tí a ti kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a ní láti kọ́ etí kí ó tó lè fura sí i yàtọ̀ pátápátá sí aṣọ tí mo sọ pé a fi bo ẹnu akọrin.

Ẹni tí ó bá ra DAC olówó iyebíye nítorí ẹwà rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà lára rẹ̀, n kò bá a jà. Ẹni tí ó ra sányán kò sọ fún wa pé ó ń gba òtútù ju aṣọ mìíràn lọ. Ìjà mi wà pẹ̀lú ẹni tí ó sọ fún ọ̀dọ́ pé bí kò bá gbọ́ ìyàtọ̀, etí rẹ̀ ni kò pé. Ọ̀rọ̀ burúkú ni. Ìtìjú yóò mú ọmọ náà sọ pé òun gbọ́ ohun tí kò gbọ́, yóò sì yá owó lọ ra ohun tí kò nílò. Nígbà tí ó bá ti san owó rẹ̀ tán, kò tún ní lè sọ òótọ́ fún ara rẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo ohun tí kò wọ́n ni ó dára. Kọ̀ǹpútà wà tí ó máa ń hó ṣíì-ṣíì létí ẹni kí orin tó bẹ̀rẹ̀. DAC kékeré tí ó dúró lọ́tọ̀ yóò wo ìyẹn sàn. Hẹ́dífóònù mìíràn sì ń béèrè agbára púpọ̀. Sennheiser HD 600 tí ó jáde ní ọdún 1997, ohm 300 ni ìdènà iná rẹ̀, fóònù mìíràn kò sì lè mú kí ó dún tó. Ohun tí irú hẹ́dífóònù bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ni ẹ̀rọ tí ń fi agbára kún ohùn, kì í ṣe DAC tí ó wọ́n jù.

Ibi tí ìyàtọ̀ ńlá wà ni hẹ́dífóònù fúnra rẹ̀. Bí a bá wọn DAC dáradára méjì, ohùn ìsàlẹ̀ àti ti òkè wọn kì í sábà fi ìdá mélòó kan nínú dẹ̀síbẹ́lì kan ṣoṣo yàtọ̀. Hẹ́dífóònù méjì lè fi dẹ̀síbẹ́lì 5 tàbí 10 yàtọ̀. Èyí ni ẹnikẹ́ni lè gbọ́ láìkọ́ etí. Lẹ́yìn hẹ́dífóònù ni orin tí a fẹ́ gbọ́. Àwọn àwo àpàlà àti sákárà àtijọ́ tí àwọn baba wa rà, ariwo abẹ́rẹ́ tí ó wà lára wọn fi ìlọ́po púpọ̀ ju ariwo DAC tí ó kéré jù lọ. Orin tí ẹni kan gbà láti inú fóònù ẹlòmíràn, tí wọ́n ti fún pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ti pàdánù ohun tí ó pàdánù. Omi tí ó ti rú láti orísun, kí ni ìkòkò tuntun fẹ́ ṣe sí i?

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò gbọdọ̀ gbé jẹ. Mo ti sọ pé ohùn tí ó ròkè ni etí máa ń pè ní èyí tí ó dára. Ẹni tí ó bá ń wá adùn kiri nínú ẹ̀rọ kì í pẹ́ fi ọwọ́ yí ohùn sókè, nítorí ibẹ̀ ni adùn wà lọ́fẹ̀ẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé a lè gbọ́ ohùn dẹ̀síbẹ́lì 80 fún wákàtí 40 ní ọ̀sẹ̀ kan láìséwu. Bí ó bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Irun tín-ín-tìn-ìn-tín tí ó wà nínú etí, tí a fi ń gbọ́ràn, kì í hù padà bí ó bá ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó gbọ́ ohùn tí ń gbọ̀n ní ìgbà 16,000 ní ohun tí kò sí DAC tí ó lè tà á fún mi mọ́, bí mo tilẹ̀ ní 8,000 pọ́n-ùn lọ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kò ta ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a ṣe ìdánwò náà, ọmọ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé tìmùtìmù tí ó yí ẹnu hẹ́dífóònù rẹ̀ ká ti ya, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ jáde, tí ohùn ìsàlẹ̀ ìlù ń bá a lọ. Ó bá a ra òmíràn. Ní ìgbà tí mo tún dé ilé wọn, mo gbọ́ ìyá ìlù, n kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ta owó ẹyọ fún mi.